Kásẹróòlù oníṣu mi jóná nísàlẹ̀, àárín ẹ̀ ò jinná: ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́ ló gbé mi dé, ẹ má bínú pé ó máa gùn díẹ̀.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àgbà wọn wà ní JSS 2, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin. Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ní Ṣágámù, kì í wọlé kó tó di aago méje àbọ̀, èmi náà ní ṣọ́ọ̀bù l'Ókè-Àjẹ́, aago mẹ́fà ni mo ń tilẹ̀kùn, kí n tó rí kẹ̀kẹ́ wọ̀ délé ilẹ̀ ti ń ṣú, ebi ti ń pa gbogbo wọn, bí mo ṣe ń bọ́ bàtà ni àbíkẹ́yìn ti ń fa aṣọ mi. Ibi tọ́rọ̀ wá dé ni pé lọ́sẹ̀ kan ẹ̀ẹ̀mẹta la ń jẹ Indomie lálẹ́, ó sì ń dùn mí gan-an torí ọmọ tó ń dàgbà ni wọ́n, ó yẹ kí n máa fún wọn lóhun tó máa dúró nínú wọn.

Gáàsì-kúkà ilé mi ní ófùn nísàlẹ̀. Láti ọdún mẹ́rin tá a ti rà á, ìkòkò àti agbada ni mò ń kó sínú ẹ̀. Oṣù tó kọjá ni àbúrò mi tó wà ní London fi fídíò kan ránṣẹ́, ó to ọ̀dùnkún, ẹran lílọ̀ àti ọbẹ̀ sínú díṣì kan ṣoṣo, ó tì í sínú ófùn, ó lọ wẹ ọmọ ẹ̀, ó padà wá gbé oúnjẹ jáde. Ó ní kásẹróòlù ni wọ́n ń pè é. Mo ní irú ẹ̀ gan-an ni mò ń wá o, oúnjẹ tí mi ò ní dúró tì láti máa rò ó, kí n fi àsìkò yẹn wo iṣẹ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ.

Lọ́jọ́ Túsìdé mo kó gbogbo ìkòkò jáde, mo dán an wò. Mo bẹ́ iṣu sí pẹlẹbẹ, mo tò ó sínú páànù kẹ́ẹ̀kì, mo bu ọbẹ̀ ata tó ti dì nínú firísà lé e, sàdíìnì agolo méjì, mo tún to iṣu, mo wá po ẹyin mẹ́ta dà sórí ẹ̀. Mo tan iná ẹ̀ dé òpin, ó lo odidi wákàtí kan. Nígbà tí mo máa yọ ọ́, orí ẹ̀ ti dúdú, ó gbẹ bí awọ, ìsàlẹ̀ jóná, iṣu àárín ṣì le gbagidi, omi wá ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọmọ mi àgbà jẹ ẹ́ nítorí tèmi, mo rí i lójú ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa se iṣu kí n tó tò ó ni? Báwo ni mi ò ṣe ní jẹ́ kó ṣomi? Wọ́n sì ń fi ṣíìsì sórí ẹ̀ lọ́hùn-ún, owó ṣíìsì ò sí lọ́wọ́ mi, kí ni mo lè fi dípò?

Àǹtí Alásè, Ìpẹru

Ẹ kú iṣẹ́ o ìyá wọn. Ẹ má jẹ́ kó sú yín, mo ń se oúnjẹ ìnáwó láti ọdún mọ́kànlá, mo sì lè sọ fún yín pé ohun tẹ́ ẹ ṣe ò jìnnà sí ohun tó dáa, nǹkan mẹ́ta péré ló bà á jẹ́.

Iṣu tútù yẹn làkọ́kọ́. Iṣu inú ìkòkò ń tètè jinná torí omi tó ń hó bò ó mọ́lẹ̀, ooru ófùn ò rí bẹ́ẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń rìn wọnú oúnjẹ, pàápàá tí ọbẹ̀ bá nípọn lórí ẹ̀. Kí ooru tó dé àárín, ìsàlẹ̀ ti jóná. Ẹ bẹ́ iṣu kó nípọn bí ìka ọwọ́ kékeré, ẹ sè é nínú omi tẹ́ ẹ fi iyọ̀ sí, ìṣẹ́jú 8 sí 10 ti tó, kí fọ́ọ̀kì máa wọ̀ ọ́ ṣùgbọ́n kó má tíì fọ́. Ẹ da omi ẹ̀ nù, kẹ́ ẹ wá ṣí ìkòkò sílẹ̀ kí oru inú ẹ̀ jáde pátápátá, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú nìyí. Tó bá sì jẹ́ iṣu tuntun, ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́ torí omi pọ̀ nínú iṣu tuntun ju ti iṣu tó ti pẹ́ nílẹ̀ lọ.

Ọbẹ̀ tó dì ni èkejì. Yìnyín inú ẹ̀ ló yọ́ sínú páànù yín, òun ni omi tẹ́ ẹ rí yẹn. Ẹ gbé ọbẹ̀ kaná lọ́tọ̀, ẹ dín in títí òróró á fi lé sókè, tí ṣíbí bá la àárín ìkòkò kọjá kí ojú ọ̀nà ẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó padé. Ọbẹ̀ tá a máa fi jẹ ìrẹsì lè ṣàn, èyí tó ń lọ sínú ófùn ò gbọdọ̀ ṣàn o.

Ẹ̀kẹta ni iná. Ìsàlẹ̀ ni iná ófùn gáàsì wa wà, tẹ́ ẹ bá tan án dé òpin ńṣe lẹ fẹ́ sun ún. 180 dígírì la ń fẹ́, lára èyí tó ní nọ́ńbà, nọ́ńbà 4 ni. Ẹ tan án kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan sí i, orí irin àárín ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kẹ́ ẹ ki tírè òfìfo kan sórí irin ìsàlẹ̀ kó máa gba ooru iná yẹn sára. Tí bọ́tìnnì ófùn yín ò bá ní nọ́ńbà rárá, ẹ wọ́n ìyẹ̀fun fẹ́ẹ́rẹ́ sórí tírè, ẹ gbé e sí i, tó bá pọ́n dáadáa láàárín ìṣẹ́jú 5 láì dúdú, ibẹ̀ náà lẹ wà. Tó bá dúdú, ẹ dín iná kù.

Báyìí lèmi ṣe ń ṣe é fún èèyàn márùn-ún: ìdajì iṣu tó tóbi díẹ̀, ọbẹ̀ ata tó ki kọ́ọ̀pù mẹ́ta, ẹja títù méjì tí mo ti bọ̀ tí mo yọ egungun ẹ̀ (sàdíìnì náà dáa, ẹ kàn ro òróró ẹ̀ dànù), àlùbọ́sà ńlá kan, ẹyin márùn-ún, mílíìkì olómi agolo kékeré kan. Mo máa fi òróró pa páànù, mo máa wá tò wọ́n léra báyìí: iṣu, ọbẹ̀, ẹja, àlùbọ́sà, iṣu, ọbẹ̀. Ẹyin àti mílíìkì náà ni mo máa pò pọ̀ pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ àti ata gbígbẹ, mo máa dà á díẹ̀díẹ̀ kó lè ráyè wọ ààrin iṣu. Fọ́ìlì bò ó fún ìṣẹ́jú 25, ẹ má jẹ́ kí fọ́ìlì kan ẹyin, lẹ́yìn náà ẹ ṣí i fún 15 kí orí ẹ̀ pọ́n. Ẹ ki ọ̀bẹ bọ àárín, tí ẹyin tútù ò bá tẹ̀ lé ọ̀bẹ jáde ó ti jinná. Tẹ́ ẹ bá ti gbé páànù jáde, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó gé e o, mo mọ̀ pé ebi ń pa àwọn ọmọ, àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ló ń jẹ́ kó dì mọ́ra, tẹ́ ẹ bá gé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ á tú ká.

Ní ti pé iṣẹ́ ń pẹ́ yín, Sọ́ńdè ni kẹ́ ẹ dín ọbẹ̀ tọ̀sẹ̀ yẹn kó ki dáadáa, kẹ́ ẹ pín in sínú ike kéékèèké. Láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò ó, ẹ mú ike kan kúrò nínú firísà sínú firíìjì. Iṣu ni mi ò ní kẹ́ ẹ sè sílẹ̀ láàárọ̀ nínú ooru yìí, á ti máa yọ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Ọmọ JSS 2 lè se iṣu, ẹ kọ́ ọ.

Bàbá Ìbejì, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

Àǹtí, ẹ ṣé gan-an, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yẹn là mí lójú. Mo fẹ́ fi tèmi kún un fáwọn tí ò ní ófùn bíi tèmi. Èmi ni mò ń dáná lálẹ́ nílé wa torí ìyàwó mi nọ́ọ̀sì ni, ó máa ń ṣiṣẹ́ alẹ́.

Ìkòkò irin tó nípọn, tó ní ìdérí tó wúwo, ni mo fi ṣe ófùn. Mo da iyanrìn tí mo ti fọ̀ tí mo sì sá gbẹ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, kó tó ìka méjì ní gíga, mo gbé agolo tí mo gé pẹlẹbẹ sí àárín iyanrìn yẹn kí páànù má bàa jókòó lé e, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe kẹ́ẹ̀kì láyé ijọ́un náà nìyẹn. Ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ wá gbé páànù yín sínú ẹ̀, ẹ dín iná sí àárín. Ó ń pẹ́ ju ófùn lọ, tèmi máa ń tó wákàtí kan, orí ẹ̀ kì í sì í pọ́n tó ti ófùn torí ooru ò ti òkè wá, àmọ́ ó ń jinná dénú. Ẹ má fi ìkòkò fẹ́ẹ́rẹ́ ṣe é o, á bàjẹ́, ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ yẹn ẹ má tiẹ̀ dábàá ẹ̀.

Èyí táwọn ìbejì mi fẹ́ràn jù ni ẹ̀wà àti dòdò. Ẹ̀wà rírò tó ti ki ní ìsàlẹ̀, ẹja gbígbẹ tí mo ya wẹ́wẹ́, dòdò tí mo gé gígùn lórí ẹ̀, ẹyin méjì pẹ̀lú àlùbọ́sà dà sórí. Gbogbo ẹ̀ ti jinná tẹ́lẹ̀, ẹyin nìkan ni ẹ̀ ń dúró dè, ìdajì wákàtí nínú ófùn ti pọ̀ tó. Ẹ̀wà àná ló tiẹ̀ ń dùn jù fún un.

Mọ̀mí, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Inú mi dùn pé ẹ̀ ń ronú oúnjẹ àwọn ọmọ, àmọ́ gbogbo ohun tí mò ń kà láti òkè, ẹnì kan ò dárúkọ ewùrà! Ìjẹ̀bú ni wá kẹ̀.

Ìyàwó wa t'Óde, ẹ gbọ́. Iṣu funfun ń fẹ́ ẹyin kó tó lè lẹ̀ mọ́ra. Ewùrà ò nílò ẹ̀, ó ń fà fúnra ẹ̀, ìdí tá a fi ń fi ṣe òjòjò àti ìkọ́kọrẹ́ nìyẹn. Ẹ bó o, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ rin ín lórí ìrin, ẹ má da omi kankan sí i, omi tó wà nínú ẹ̀ ti tó o. Fún páànù kan tó bá èèyàn márùn-ún mu, ewùrà tó gùn tó apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ ti tó. Ẹ fi iyọ̀ sí i, ata rodo àti àlùbọ́sà tẹ́ ẹ gún, edé gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, epo pupa ṣíbí ńlá mẹ́rin, màgí tẹ́ ẹ bá ń jẹ ẹ́. Ẹja gbígbẹ ni kò gbọdọ̀ wọ́n níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀, ẹ ní kó bá yín ra ẹja lọ́jà Olúwo, ẹja odò tí wọ́n yan lórí igi, ẹ yọ egungun ẹ̀, ẹ ya á kó tóbi kí ọmọ lè bá a pàdé lẹ́nu. Ẹ pò ó, ẹ fi epo pa páànù, ẹ dà á sí i, kó má ga ju ìka mẹ́ta lọ. Fọ́ìlì fún ìṣẹ́jú 40, ẹ ṣí i fún 20. Kò sí iṣu sísè, kò sí ọbẹ̀ dídín, ìrin nìkan ni iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ìyá mi bá se ìkọ́kọrẹ́ lórí igi, èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, tó pọ́n, tí epo ti mu dénú, òun la máa ń jà sí. Ọmọ méje ni wá, ìdí ìkòkò kan ṣoṣo. Ìyá mi a máa há a fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fọ àwo lọ́jọ́ yẹn ló ń kọ́kọ́ gbà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ewùrà sínú ófùn ọmọ mi obìnrin, tí mo gé etí ẹ̀ fi sẹ́nu, mo jókòó. Gbogbo etí páànù yẹn, yípo yípo, adùn ìdí ìkòkò ìyá mi ló wà níbẹ̀.

Ọmọ Aláre, Agọ́-Ìwòyè

Mọ̀mí, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Omi bọ́ lójú mi níbi tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ìdí ìkòkò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa pe èyí ní ìkọ́kọrẹ́, ọmọ ìsinsìnyí á gbà á bẹ́ẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ní omi ọbẹ̀ tiẹ̀, ó ní kókó tiẹ̀, ẹ̀bà tútù la sì ń fi jẹ ẹ́.

Mọ̀mí, Ìjẹ̀bú-Igbó

Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Mi ò pè é ní ìkọ́kọrẹ́, mi ò sì ní gbà kẹ́nikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ lójú mi. Ewùrà inú ófùn ni. Ìkọ́kọrẹ́ ń dúró de Sátidé tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Ìyàwó Ṣágámù

Ìbéèrè ṣíìsì yẹn lèmi fẹ́ dáhùn. Mo ti lo wàrà, ti àwọn ìyá Fúlàní, ní Sábó ni mo ti ń rà á. Ẹ mọ̀ pé kò ní yọ́ o, ẹ má dúró dè é kó fà bíi ti fídíò London. Ewé bòmubòmu ni wọ́n fi ń mú mílíìkì yẹn dì lórí iná, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa wà nínú ófùn, kódà nínú òróró gbígbóná kì í yọ́. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi oníyọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ wọ́n ọn sáàárín iṣu kẹ́ ẹ tó da ẹyin lé e. Tẹ́ ẹ bá fi í sókè á gbẹ, á le. Lábẹ́ ẹyin ló ti ń dùn, bí ẹran ló rí lẹ́nu, owó ẹ̀ ò sì pọ̀ tó ti ẹran.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ìjẹ̀bú-Òde

Háà, ẹ ṣé o, ẹ ṣé o, Ọlọ́run á máa fún yín lẹ́mìí àti ṣe. Ìbéèrè kan péré: mo ní díṣì onígíláàsì kan tí wọ́n fún mi níbi ìnáwó, wọ́n kọ ọ́ sí ìdí ẹ̀ pé ó ṣe é gbé sínú ófùn. Ṣé mo lè tò ó lálẹ́, kí n gbé e sínú firíìjì, kí n wá tì í sínú ófùn lọ́jọ́ kejì?

Àǹtí Alásè, Ìpẹru

Ẹ lè lò ó, àmọ́ ẹ má gbé e tààrà látinú firíìjì sínú ófùn tó ti gbóná, ẹ má sì gbé e látinú ófùn sórí kánńtà tó tutù tàbí tó lómi, á là. Mo ti rí i kó là sí méjì níbi ìnáwó, oúnjẹ àlejò lọ bẹ́ẹ̀. Páànù kẹ́ẹ̀kì tẹ́ ẹ lò ní Túsìdé yẹn ló fọkàn èèyàn balẹ̀ jù fún ohun tó ń ti inú firíìjì bọ̀. Tí iná bá sì ń ṣe ségesège ládùúgbò yín, ẹ má fi ẹyin pípò sílẹ̀ mọ́jú, alẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbé e sínú ófùn gan-an ni kẹ́ ẹ pò ó.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo ti padà dé o. Lánàá, Tọ́sìdé, mo ṣe ti oníṣu.

Mo pe àgbà ọmọ mi lórí fóònù láago márùn-ún àbọ̀, mo ní kó bẹ iṣu kó gbé e kaná, ó fi fóònù wo ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó da omi ẹ̀ nù, ó ṣí i sílẹ̀ bí mo ṣe ní kó ṣe. Nígbà tí mo fi máa wọlé ní nǹkan bí aago méje kù ogún, iṣu ti wà níbẹ̀ gbígbẹ. Mo tan ófùn, mo gbé ọbẹ̀ Sọ́ńdè kaná títí òróró fi lé, mo tò ó, aago méje lù ó wọ ófùn. Ẹ gbọ́, mo wẹ àbíkẹ́yìn! Mo jókòó ti èkejì, a ṣe ìṣirò ẹ̀ tán, mi ò dìde lọ ro nǹkan kan. Ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́jọ lù ni mo yọ ọ́, bàbá wọn ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí ló ń ta sánsán báyìí.

Kò jóná, kò ṣomi, iṣu jinná dé àárín. Ohun kan ni pé apá ẹ̀yìn pọ́n ju apá iwájú lọ, ẹyin iwájú ṣì rọ̀ díẹ̀, mo dá apá yẹn padà fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Àgbà ọmọ mi bu ẹ̀ẹ̀kejì fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó bù ú. Èyí tó kù ńkọ́, ṣé ó lè di àárọ̀?

Àǹtí Alásè, Ìpẹru

Ọlọ́run ṣeun! Ẹ̀yìn ófùn ló máa ń gbóná jù nínú ọ̀pọ̀ wọn, tẹ́ ẹ bá ti ṣí fọ́ìlì, ẹ yí páànù padà kí iwájú di ẹ̀yìn. Èyí tó kù, tó bá ti tutù, ẹ tètè kó o sínú firíìjì, láàárọ̀ ẹ gbé e gbóná títí oru á fi máa jáde láàárín ẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ọ́wọ́ o.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣé, àǹtí mi. Mọ̀mí, ewùrà yín ló kàn ní Mọ́ńdè, mo ti bá ìyá kan sọ ọ́ l'Ókè-Àjẹ́ kó bá mi mú èyí tó dáa wá. Àmọ́ ó máa ń yún mi lọ́wọ́ gan-an tí mo bá ń bó o, títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ìgbà wo ni kí n fi epo pa ọwọ́, ṣé tí mo bá fẹ́ rin ín ni?

Mọ̀mí, Ìjẹ̀bú-Igbó

Rárá o ọmọ mi, kó o tó mú ọ̀bẹ ni. Epo pupa ni kó o fi pa á, àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, dé ọrùn ọwọ́, kó o sì jẹ́ kí ewùrà náà gbẹ dáadáa kó má bàa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ lórí ìrin.